Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Ń Ṣọ́ Ojú

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, bí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìwó, mo rí àmì pupa kékeré kan tí ó ń sáré kiri lórí ògiri bí èèrà tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan ni ó ra ohun ìṣeré kan bí kálámù, èyí tí ń tan ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín, lọ́wọ́ àwọn tí ń pàtẹ ní ọjà Odò-Orí. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti darí ìmọ́lẹ̀ náà sí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó tì í. Mo kígbe, ohùn mi sì le tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ kíláàsì kejì fi yọjú. Mo gba nǹkan náà, mo sì tì í mọ́ inú àpótí tábìlì mi. Ẹnu ya àwọn ọmọ, nítorí n kì í sábà bínú. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìmọ́lẹ̀ lásán lè ṣe ènìyàn ní nǹkan ni?” Mo dá a lóhùn pé ó lè ṣe é: ó lè fọ́ ojú, ó sì lè gba ojú là. Agogo lù kí n tó lè ṣàlàyé. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí, kí àwọn ọmọ náà, àti àwọn olùkọ́ wọn pẹ̀lú, lè mọ ohun tí ó mú mi kígbe.

Láti ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ó ń dá oko ní abúlé kan lẹ́yìn odò Ọbà. Nígbà tí ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi èjìká gbá òpó ẹnu ọ̀nà. Bí a bá gbé oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀ àfi bí a bá sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń rí ojú ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ kedere. A ní àgbà ni. Àwọn kan ní ayé ni. Àwọn mìíràn fún omi ewé sí i lójú. Nígbà tí a wá mú un dé ilé ìwòsàn, dókítà wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá, ti òsì sì kù bí ihò abẹ́rẹ́. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun ká ohun funfun tí ó bo òun lójú kúrò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ká a fún aládùúgbò wa. Dókítà ní kò sí ohun tí ó bò ó. Iṣan tí ń gbé ìran láti ojú lọ sí ọpọlọ ni ó ti kú, kò sì sí ẹni tí ó lè jí i. Ní ọdún tí a bí àkọ́bí mi, ọwọ́ ni bàbá mi fi wo ojú ọmọ náà. Ó fi àtàǹpàkò tọ ipa imú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ní, “Imú ìyá mi nìyí.” N kò lè gbàgbé ọjọ́ náà.

Ó yẹ kí èyí ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò kọ́ mi. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, bí mo ti ń ṣáájú àwọn akọrin wọ inú ìjọ, mo tẹ ọmọdé kan lẹ́sẹ̀ ní apá òsì mi. N kò rí i rárá. Lẹ́yìn oṣù kan, ọlọ́kadà kan yọ sí mi láti apá òsì kan náà ní oríta, díẹ̀ ni ó kù kí ó gbá mi. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi ní, “Bàbá Tolú, ẹ jẹ́ kí a lọ wo ojú yín.”

Mo ní, “Ojú wo? Ṣé ìwọ kò gbọ́ bí mo ti ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ọjọ́ Ìsinmi láìlo awò? Lẹ́tà kan ṣoṣo n kò ṣì kà.”

Ó ní, “Mo gbọ́. Ìwé ni ẹ ń rí, ẹ kò rí ọ̀nà. Bí ti bàbá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Ní ilé ìwòsàn tí a lọ, wọ́n kọ́kọ́ wọn agbára tí omi inú ojú mi fi ń ti ara ojú. Láàárín 10 àti 21 ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà. Tèmi jẹ́ 29 ní ọ̀tún, 31 ní òsì. Lẹ́yìn èyí wọ́n ní kí n gbé ojú mi sí ẹnu nǹkan kan tí ó dàbí igbá ńlá funfun, kí n tẹjú mọ́ àmì kan ní àárín rẹ̀, kí n sì máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tí mo bá rí ìmọ́lẹ̀ kékeré ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ó kan ojú òsì, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń dún, n kò sì rí nǹkan kan. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́.

Ẹ̀rọ kẹta ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka ẹ̀yìn ojú ní ìpele-ìpele, bí ẹni tí ń ka gbogbo ojú ewé ìwé kan láìṣí ìwé náà. Ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè tí ó sì kígbe, ohùn rẹ̀ yóò padà wá bá a, bí òkè náà bá sì jìnnà, yóò pẹ́ kí ó tó padà. Bákan náà ni ìmọ́lẹ̀ ń padà láti ara ìpele kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní ẹ̀yìn ojú. Ṣùgbọ́n eré rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí agogo kankan lè kà lọ. Ohun tí àwọn amòye ṣe ni pé wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ kan sí méjì, wọ́n rán ọ̀kan wọ inú ojú, wọ́n sì rán èkejì rìn ní ọ̀nà tí wọ́n ti wọ̀n. Nígbà tí méjèèjì bá tún pàdé, bí wọ́n ti bá ara wọn mu ni yóò sọ ibi tí èyí tí ó wọ inú ojú rìn dé. Ní ọdún 1991 ni David Huang, James Fujimoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yìí han aráyé, nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun rẹ̀, lésà gan-an ni àwọn mìíràn ń lò. Ìpele àwọn iṣan tí ó yí orísun ìran ká kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà wọ̀n ọ́n, ó sì fi àwọ̀ pupa kùn ún níbi tí tèmi ti fẹ́lẹ́ jù. Pupa náà pọ̀ ní òsì.

Dókítà ní glaucoma ni orúkọ àrùn náà, òun náà ni ó sì mú bàbá mi. Ó ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Ojú ní ìsun, ó sì ní ojúṣàn. Omi mímọ́ kan ń sun nínú rẹ̀ láti máa bọ́ àwọn ẹ̀yà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé (kì í ṣe omijé o), ó sì ń ṣàn jáde gba inú ohun kan bí asẹ́ ní igun ojú. Bí asẹ́ náà bá dí, ìsun kò ní dáwọ́ dúró. Omi yóò máa ti ojú láti inú, yóò sì máa pa iṣan ìran díẹ̀díẹ̀. Fọ́nrán tí ó tó mílíọ̀nù kan ni ó wà nínú iṣan náà. Láti etí ni ìran ti ń kú, àárín ni ó máa ń gbẹ̀yìn. Kò dunni, kò pọ́nni lójú. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ní i fi lè máa ka ìwé tí ìtẹ̀ rẹ̀ kéré, kí ó sì máa kọsẹ̀ lára ọmọdé. Àwọn oníṣègùn a máa pè é ní olè tí ń jí ìran.

Oògùn tí a ń kán sójú ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ní alaalẹ́. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín bí mo ti lò ó. Owó rẹ̀ kò kéré fún katikíìsì. Nígbà mìíràn n kò rí i rà ní Ìwó. Nígbà mìíràn mo gbàgbé rẹ̀ sílé lọ sí ìpàdé. Ojú kò dùn mí kí n tó kán an, kò sì sí ohun tí ó yàtọ̀ lẹ́yìn tí mo kán an. Ta ni yóò máa rántí irú oògùn bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn ọdún kan, agbára omi náà ti tún gòkè. Dókítà kò bá mi wí. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a fi lésà ṣe é.”

Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí oòrùn tí ó wọ òkùnkùn ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 2006, bí a ti ń kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe gbójú sókè wò ó kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má bàa jó ẹ̀yìn ojú wọn. Ǹjẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ ni a ó wá fi tọwọ́ bọ ojú mi? Nígbà tí mo sọ èyí, dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní láti inú ìbẹ̀rù yẹn gan-an ni ìwòsàn yìí ti jáde. Ní ọdún 1945, oòrùn wọ òkùnkùn ní ilẹ̀ Yúróòpù, dókítà ọmọ Jámánì kan, Gerhard Meyer-Schwickerath, sì rí ojú àwọn tí ó tẹjú mọ́ ọn. Ó wo àpá iná tí ó wà ní ẹ̀yìn ojú wọn, ó sì rò nínú ara rẹ̀ pé, bí ìmọ́lẹ̀ bá lè dá àpá, ó lè lẹ ibi tí ó ya pọ̀. Ó lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, lẹ́yìn náà ó lo fìtílà alágbára. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ọdún 1960, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California, láti inú òkúta iyebíye pupa. Kí ọdún 1961 tó parí, Dókítà Charles Campbell àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti lò ó fún ojú aláìsàn kan ní New York. Ní ọdún 1988, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Dókítà Patricia Bath, gba ìwé àṣẹ lórí irin-iṣẹ́ tí ó fi lésà fọ́ ohun funfun tí ń bo ojú, irú èyí tí aládùúgbò wa ní.

Kí ni lésà yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fìtílà? Èmi tí mo ń bá akọrin gbé rí i báyìí. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà dàbí ariwo ọjà: ohùn pọ̀, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀, ó sì ń fọ́n ká síbi gbogbo. Lésà dàbí ẹgbẹ́ akọrin tí gbogbo wọn di ohùn kan mú, tí wọ́n jọ mí, tí wọ́n jọ gbé e, tí wọ́n sì jọ kọjú sí ibì kan ṣoṣo. Nítorí náà ni ìwọ̀nba rẹ̀ fi lè ṣe ohun tí iná ńlá kò lè ṣe. Lésà tí a ń lò fún irú àrùn tèmi jẹ́ aláwọ̀ ewé. Iṣẹ́ Dókítà Mark Latina ní Amẹ́ríkà ni ó mú un jáde ní àárín ọdún 1990 sí 2000. Ìtànṣán kọ̀ọ̀kan kò pẹ́ ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Àwọn èérún tí ó ní àwọ̀ dúdú nínú asẹ́ ojú nìkan ni ó ń gbà á sára; kí ooru rẹ̀ tó lè ran àwọn tí ó yí wọn ká, ó ti tán. Ara yóò wá rán àwọn agbálẹ̀ rẹ̀ sí ibẹ̀, wọn yóò tún asẹ́ náà gbá, omi yóò sì rí ọ̀nà jáde.

Mo béèrè ìbéèrè kan tí ó ti wà lọ́kàn mi. Mo ní, “Dókítà, lára àwọn Òyìnbó ni wọ́n ti dán an wò. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lójú tiwa?” Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní lóòótọ́ ni wọ́n ti dán an wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára ènìyàn 718, tí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ hàn ní ọdún 2019: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 74 nínú 100 àwọn tí a kọ́kọ́ fi lésà tọ́jú ni kò nílò láti kán oògùn sójú. Ṣùgbọ́n, ó ní, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Moshi. Moshi wà ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro ní Tanzania; ilé ìwòsàn ńlá ti àwọn Kristẹni kan wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni Dókítà Heiko Philippin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú aláìsàn 201, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Áfíríkà bí tiwa, wọ́n fi ìpín yàn wọ́n sí ọ̀nà méjì: wọ́n fún apá kan ní oògùn àkánsójú, wọ́n sì fi lésà tọ́jú apá kejì. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 ojú tí a kán oògùn sí, 31 ni agbára omi wọn wà ní ibi tí a fẹ́. Nínú 100 tí a tan lésà sí, 61 ni. Ó wò mí lójú, ó ní, “N kò sọ pé 100, bàbá. 61 ni mo sọ.” Òtítọ́ tí ó sọ yẹn ni ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ìlérí lọ.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, mo gbé àgbọ̀n mi lé ibi tí a pèsè fún un, dókítà sì fi awò kékeré kan tí ó ní omi yíyọ̀ lára bo ẹyinjú mi. Mo rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ó ń bù yẹ̀rì, mo sì ń gbọ́ ìró kékeré, tá, tá, tá, bí ẹni tí ń ṣẹ́ igi ìṣáná. Ó tó ìgbà 100 ní ojú kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó mi kò tíì ka ìwé tí ó mú lọ́wọ́ dé ojú ewé kẹwàá tí mo fi jáde sí i. A padà sí Ìwó ní ọjọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, agbára omi náà jẹ́ 18 ní ọ̀tún, 19 ní òsì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ èyí kí ó sọ pé katikíìsì ti rí ojú tuntun gbà. Ohun tí olè ti kó lọ, kò dá a padà. Igun òsì mi ṣì ṣókùnkùn títí di òní. Nígbà tí a bá ń wọ ìjọ, etí òsì ni mo ń rìn, kí àwọn ọmọdé lè wà ní ọ̀tún mi. Agbára lésà náà sì lè dínkù pẹ̀lú ọdún, kí a tún un ṣe. Nítorí náà mo ń padà lọ fún àyẹ̀wò. Ìmọ́lẹ̀ náà kò jí òkú iṣan. Èyí tí ó kù ni ó ń ṣọ́. Àwọn amòye kò sì dáwọ́ dúró: láti ọdún 1997 ni àwọn ti Rochester ní Amẹ́ríkà ti yá ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ń wo ìràwọ̀, wọ́n ń lo dígí tí ń tẹ̀ láti tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, títí wọ́n fi rí èérún ìríran lọ́kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìn ojú ẹni tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó, tí ó lè wo ojú tí a kò gbé wá síwájú rẹ̀.

Èyí ni ó mú mi dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bàbá mi. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé àrùn náà a máa rìn nínú ẹbí. Nígbà tí a ka ojú àwọn ènìyàn káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, a rí i pé nǹkan bí ẹni márùn-ún nínú 100 tí ó ti pé ogójì ọdún ni ó ní i, tí ó sì jẹ́ pé nínú 100 àwọn tí ó ní i, kò tó 6 tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde mo pe gbogbo wa jọ sí ilé bàbá wa. Àbúrò mi ọkùnrin gbà láti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ń ránṣọ, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Katikíìsì, èmi tí mo ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ láìlo awò?”

Mo gbọ́ ohùn ara mi láti ẹnu rẹ̀. N kò bá a jiyàn. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó kọjú sí mi, kí ó fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ó sì tẹjú mọ́ imú mi. Mo na ìka mi sí ẹ̀gbẹ́, mo ń mì í, mo sì ń mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àárín. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ nígbà tí ẹ bá rí i.” Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ti rí i tipẹ́, òun kò sọ nǹkan. Ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó yí ojú padà, ó wo ọwọ́ mi, ó sì wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó sọ kò ju, “Bíi ti bàbá,” lọ. Ó ti lọ sí Ìbàdàn báyìí. Ojú kan ti jìnnà, ìkejì ṣì dára. Ti àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Kò tíì pàdánù ohunkóhun.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe wò ó pé ẹni tí ó ń kàwé ń ríran. Kí ẹ̀yin tí ẹ ti pé ogójì ọdún gbé ojú yín lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá bí bàbá tàbí ìyá yín bá ti fọ́jú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún omi ewé tàbí ohun tí a kò mọ̀ sí yín lójú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí ojú ẹnìkan láé. Irú èyí tí a ń pàtẹ ní ọjà, ẹni tí ń tà á kò mọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ojú pàápàá ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ ọ.

Ọmọ tí ó ni kálámù náà ti wá bẹ̀ mí. Ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́, a dúpẹ́. Mo ní kí ó pe bàbá rẹ̀ wá, bàbá náà sì wá ní ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí ohun ìṣeré náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì bá a sọ̀rọ̀ lórí ojú òun fúnra rẹ̀ títí àwọn ọmọ fi lọ sílé. Ó ní ojú bàbá òun náà ti fọ́ kí ó tó kú, wọ́n sì ní àgbà ni. Mo fún un ní àga, mo ní kí ó jókòó kọjú sí mi, kí ó fi ọwọ́ bo ojú kan.